Ẹsẹ̀ Adìẹ Létí Odò Alákàn

Àbẹ̀kẹ́ mi, Ọ̀gá Ilé Ìwé, ẹni tí gbogbo ọmọ Agbowó ń kí láàárọ̀ kí wọ́n tó rántí kí ìyá tó bí wọn,

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Èmi náà sì ni bàbá rẹ. Ara mi le. Orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá rẹ ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi ni ẹnu mi kò ti dákẹ́, nítorí náà kí orúnkún máa bá ẹnu lọ, kí wọ́n jọ máa pariwo.

Kí o tó ka ìwé yìí síwájú, gbé báírò pupa ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Púrámárì fọ́ọ̀ ni mo kà dé tí bàbá mi fi wí pé oko ń dúró dè mí ní Ṣakí. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, fò ó. Èmi ni mo ra báírò àkọ́kọ́ fún ọ, èyí tí o fi ya ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sára ògiri iyàrá wa. Ṣé mo fún ọ ní òdo?

Ìwọ lo fà á tí mo fi ń kọ̀wé. Lọ́jọ́bọ̀ tí o pè mí, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀. O ní àwọn ọmọ dé ilé ìwé, wọ́n bá gbogbo igi tí wọ́n gbìn sí bèbè Odò Alákàn lẹ́yìn kíláàsì yín, wọ́n ti hú u, wọ́n kó o jọ bí ìdọ̀tí. O ní Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ló ní kí wọ́n hú u, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ó sì tún fi ìwé ránṣẹ́ tẹ̀lé e: pé kí o fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, pé ilé ìwé kò ní gbin igi kankan sí etí odò yẹn mọ́ láéláé. Bí o bá kọ̀, àwọn á lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, wọ́n á sì gbé ọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́.

O wá ní, "Bàbá, oṣù mẹ́ta péré ni mo dé ipò yìí. Ẹ jẹ́ n fọwọ́ sí i kí n rí ìsinmi."

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, má dán an wò."

O ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Irọ́ lo pa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa gan-an ni. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń fa ikun símú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìwé kò ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ kó dákẹ́. Ìyá rẹ ni yóò mú un wá fún ọ lọ́jọ́ Ìsinmi bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú abọ́ àsáró. Mo ti sọ fún un pé kó má ṣí abọ́ náà títí wàá fi ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. O mọ ìyá rẹ. Onítẹ̀bọmi ni, bó bá ti ṣèlérí, ó parí nìyẹn.

Ìkíní. Bí o bá máa bẹ̀rù, bẹ̀rù ohun tó yẹ ká bẹ̀rù.

Ta ló wọ kíláàsì púrámárì wáànù lójò tó kọjá? Ṣé Alága ni? Odò ni. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ọgbà ilé ìwé ya lulẹ̀, omi wọlé, bẹ́ǹṣì ń léfòó, ẹ̀yin olùkọ́ sì ń pọn ọmọ ọlọ́mọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi, kì í ṣe nítorí ẹwà. Bèbè yẹn ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló sì dojú kọ. Alága ní ẹnu ńlá, mo gbà. Odò kò ní ẹnu, síbẹ̀ ó gbé ògiri mì. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló yẹ kó lé oorun lójú rẹ?

Ìkejì. Ibí yìí le díẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí. Mo sì mọ̀ pé yóò kà á lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Màmá Àbẹ̀kẹ́, mo rí ọ o.

Ṣé o rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni bèbè Odò Alákàn ti rí bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo gé igi ibẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, n kò tíì pẹ́ tí mo ti Ṣakí dé. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá agégẹdú kan ní Bódìjà. Igbó ni ẹ̀yìn Agbowó nígbà náà. Igi àbúrà àti ìrókò tò sí etí odò yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kì í rí oòrùn lọ́sàn-án gangan. Tí o bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ gbòǹgbò, alákàn á gé ọ jẹ, ìwọ náà á sì fà á jáde, ẹ̀yin méjèèjì á jọ mọ̀ pé ẹ pàdé. Àwọn tó ni ilẹ̀ ta igi náà fún ọ̀gá mi, a gbé ayùn lọ.

Ìyá arúgbó kan ń gbé nítòsí. Ó wá pọnmi. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa gé ti òkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti bèbè sílẹ̀. Àwọn ló di odò mú."

Mo lẹ́wà nígbà yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọge kan sì ń fọṣọ nísàlẹ̀ odò, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Mo ní, "Ìyá, ṣé igi ló ń tọ̀ sínú odò ni, tí ẹ fi rò pé bí a bá gé e omi á tán?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìyá arúgbó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa." Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ.

A gé gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá mi fún mi láṣẹ láti ní àmì tèmi: ẹsẹ̀ adìẹ, ìlà mẹ́ta ní ọ̀dà pupa, lẹ́nu gẹdú, kí gbogbo ọjà lè mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Bí mo ṣe di Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ Adìẹ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń kọjá níbẹ̀ nínú oòrùn, òǹgbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo kan ilẹ̀kùn ìyá náà. "Ìyá, ẹ bá mi wá omi mu." Ó wò mí títí, ó wọlé, ó gbé kọ́ọ̀bù kékeré kan jáde. Omi inú rẹ̀ kò bo ìdí kọ́ọ̀bù. Mo wo kọ́ọ̀bù, mo wo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Mu ún, ọmọ mi. Igi kò tọ̀ mọ́."

Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo fi ń dá àpárá. Àwọn awakọ̀ lọ́jà pákó ti bú mi dé orí baba ńlá mi, kò dùn mí. Àmọ́ àpárá tèmi yẹn ló jáde nílé, tó rìnrìn àjò fún ọdún mẹ́ta, tó gbé ẹrù padà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo mu omi náà. Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá," mo sì bá tèmi lọ. N kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ojú mi là tí mo padà lọ láti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín. Àṣìṣe yẹn ló burú ju igi tí mo gé lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Má jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn èèyàn sọ òtítọ́ tí o mọ̀ di irọ́ lójú ara rẹ. Ìyá arúgbó yẹn nìwọ báyìí. Òun kò ní ẹnìkan lẹ́yìn. Ìwọ ní odindi ilé ìwé. Ó ní "Ó dáa," ó gbé ìkòkò, ó relé. Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ tí mo sọ ọ́, má wí fún ẹnikẹ́ni pé "Ó dáa."

Ìkẹta. Ohun tó bá fọ́n ká, a máa ń tún un gbìn ni.

Rántí ọjọ́ tí o ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbin àbúrà. Inú mi dùn, mo wọ fìlà ọdún. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ ti gbin mẹláínà sétí odò, igi àlejò tó ń yára dàgbà, tó ń mumi bí ọ̀mùtí, tí atẹ́gùn kan ṣoṣo sì dà nù. Ìwọ ní igi ilẹ̀ wa lo fẹ́, àbúrà, ìyeyè, ọ̀pọ̀tọ́, àwọn tí wọ́n ti mọ odò yẹn pẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe orí ìyá rẹ nìkan lo jogún.

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kóró àbúrà kéré, pé ó dà bí aṣáà. Kí ó lè yé wọn, mo yọ agolo aṣáà mi jáde, mo ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kóró. Ọmọ kan sín. Èkejì sín. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo igbó ọjọ́ iwájú ti fò lọ sórí ìwé iṣẹ́ wọn. Mo sọ fún ọ pé ewúrẹ́ kan ló gbá a nù. Kò sí ewúrẹ́ kankan, Àbẹ̀kẹ́. Bá mi sọ fún àwọn ọmọ pé mo jẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Káfáyátì tó wà ní púrámárì fáìfù wí fún mi. Ó káwọ́ gbera, ó wò mí bí ìgbà tí adájọ́ ń wo olè. "Bàbá Àgbà, ẹ mú òmíràn wá. Kí ẹ sì fi aṣáà yín sílé."

Mo mú òmíràn wá. Mo fi aṣáà sílé. Ó hù. Wọ́n fi ọ̀rá píọ́wọ́tà tí wọ́n ṣà lójú títì gbìn ín, wọ́n ń bomi rin ín láti inú ohun tí wọ́n fi ń mumi. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ kò ju ti ọmọ yẹn lọ: mú òmíràn wá, kí o sì fi ẹ̀rù sílé.

Ìkẹrin. Àbí ìkarùn-ún? Mi ò kà á mọ́. Ìwọ ni tíṣà, bá mi kà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gun ọ̀kadà wá sí Agbowó. Ìyá rẹ kò mọ̀. Ó ti mọ̀ báyìí. N kò bá ọ nílé ìwé. Wọ́n ní o ti lọ bẹ Alága. Nígbà tó yá mo wọ kíláàsì púrámárì fáìfù, kí ni mo rí lẹ́yìn? Bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tò dé ògiri, igi tí wọ́n hú wà nínú wọn, gbòǹgbò wọn nínú omi. Àwọn ọmọ ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì wà láàyè. Nígbà tí ọ̀gá wọn ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó hú u, àwọn ọmọ ń pọnmi fún igi. Mi ò fi bú ọ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bèbè. Ta ni mo bá níbẹ̀? Làmídì! Làmídì tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn. Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, àdá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló dọ̀bálẹ̀.

"Làmídì, ìwọ lo hú igi àwọn ọmọ?"

"Ọ̀gá, wọ́n ní kí n ro etí odò ni. Mo rí igi wẹ́wẹ́. Mo yí i po, mo wò ó, kò sí àmì ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé èyí tí kò lámì, kò lẹ́ni."

"Tó bá jẹ́ pé àmì tèmi wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Háà, Ọ̀gá! Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò ní Bódìjà ni?"

Àbẹ̀kẹ́, òfin ọjà pákó nìyẹn, kí wọ́n tó bí ọ ló ti wà. Gẹdú lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí òjò pa á, kí oòrùn pa á, kí ọdún yí lórí rẹ̀. Bí àmì ẹnìkan bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹlòmíràn kò ní gbé e. Ẹni tó bá gbé e, awakọ̀ kankan kò ní kó ẹrù rẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá a la pákó. Gbogbo ẹni tó ń fi àdá tàbí ẹ̀rọ ìgégi jẹun ládùúgbò yín, bí kò bá wá láti Bódìjà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ kò lè roko. Ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ilẹ̀.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé Alága lọ. Ìwọ ti kúrò níbẹ̀. Ó fún mi ní àga, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ìdàgbàsókè la fẹ́. Kí làwọn ọmọdé fẹ́ fi igbó ṣe láàárín ìgboro?"

Mo ní, "Alága, ẹ ti yẹ ìdí ògiri yín tó kọjú sódò wò lẹ́yìnkùlé? Mo wò ó bí mo ṣe ń bọ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta bí eyín mi yìí." Mo ya ẹnu, mo fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi hàn án.

"Ẹ̀yin Bàbá yìí! Ẹ kàn ń ṣeré ni."

"Mo ti ń ṣeré láti kékeré, Alága. Odò ni kì í ṣeré."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní o ti ṣèlérí fún òun láàárọ̀ pé wàá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé. Mo dìde. Mo dúpẹ́ àga.

Nítorí náà, gbọ́ èyí dáadáa. Alága ju ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Bí o bá pàdé rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má fi ìkúnlẹ̀ fọwọ́ síwèé. Ìlérí tí èèyàn ṣe pẹ̀lú omijé, ó lè fi ojú gbígbẹ gbà á padà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Alága mọ òwe yẹn jù ọ́ lọ, ìdí nìyẹn tó fi hú u ní kékeré. Bí igi yẹn bá fi lè dé èjìká Káfáyátì, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí o sì ṣe èyí kíákíá: kọ̀wé tìrẹ sí àwọn ọ̀gá rẹ kí tiwọn tó dé. Sọ fún wọn bí omi ṣe wọ púrámárì wáànù. Jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí ojú wọn rí, má ṣe àtúnṣe rẹ̀, kí o fúnra rẹ gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé kó tó di ọ̀sán. Bí wọ́n bá gbọ́, a dúpẹ́. Bí wọn kò bá gbọ́, tí wọ́n gbé ọ lọ sí ẹ̀yìn Mọníyà tàbí ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, máa lọ. Kò síbi tí wọ́n lè gbé ọ lọ tí kò ní odò kan tí ẹnìkan bíi tèmi ti bà jẹ́. Mú kóró dání.

Òní ni Àbámẹ́ta. Ọwọ́ mi ṣì pọ́n fún ọ̀dà bí mo ṣe ń kọ èyí, má bínú sí àbàwọ́n. Láàárọ̀ yìí, èmi àti Làmídì àti àwọn àgbààgbà mẹ́rin tí wọ́n máa ń jókòó wúkọ́ ní ìsọ̀ mi, a kó ajẹkù pákó, a gbẹ́ ẹ ní èèkàn, a kùn ún lórí, mo sì kọ ẹsẹ̀ adìẹ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbá wọn mọ́lẹ̀ láti igun ilé ìwé títí dé ìdí afárá. Èèkàn kan fún igi kọ̀ọ̀kan tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a sì fi kún un fún àwọn tí kò tíì hù.

Láti ọjọ́ tí mo ti ní àmì yẹn, ohun tó ń sọ ni pé: èyí ti kú, tèmi sì ni. Òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ṣọ́ ohun tó wà láàyè. Ibi tí ilé ìyá arúgbó yẹn wà tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo gbá èèkàn ibẹ̀, n kò jẹ́ kí Làmídì bá mi fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ọ̀dà ló ta sí yín lójú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dà ni.

Bí àwọn ọmọ bá dé lọ́jọ́ Ajé, kó wọn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kí agogo tó lù. Káfáyátì ni kó kọ́kọ́ gbìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ Ẹtì lo ti ń wá ìwé Alága lórí tábìlì rẹ, o rò pé o ti sọ ọ́ nù, o sì ti ń ronú bí wàá ṣe ṣàlàyé fún un. Fọkàn balẹ̀. Mo wọ ọ́fíìsì rẹ nígbà tí o kò sí ńbẹ̀. Yí ewé tí ò ń kà lọ́wọ́ yìí padà, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òun nìyẹn. Pépà ni kò tó mi. Ibi tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ adìẹ ti wà níbẹ̀, pupa rokoṣo. O mọ òfin ọjà pákó.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò gbọ́n tó ọ, tó sì lágídí jù ọ́ lọ,
Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ Adìẹ.

Màmá Àbẹ̀kẹ́, ó ti kà á dé ìsàlẹ̀. Ṣí abọ́ fún un.